Ọ̀gágun Ilé Fóòmù

Bí ẹ bá dé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù, tí ẹ rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà sítóò, tó káwọ́ sẹ́yìn, tó gbé àgbọ̀n sókè bíi pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ sára owó, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀ o. Ẹ sáà tẹrí ba díẹ̀, kẹ́ ẹ ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, Ọ̀gágun." Inú rẹ̀ á dùn. Ọ̀rọ̀ ogun tó máa sọ fún yín lẹ́yìn náà, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ẹ ò sì ní tètè délé.

Ọ̀gágun kò wọ aṣọ ológun rí láyé rẹ̀. Ìbọn tó sún mọ́ ọn jù ni èyí tó wà léjìká ẹ̀ṣọ́ báńkì, lọ́jọ́ náà gan-an, ó gba ẹ̀yìn wọlé ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣílẹ̀kùn sítóò bí fóòmù bá fẹ́ wọlé, kó sì tì í bí fóòmù bá ti jáde. Àmọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn, ó ta géèmù ogun kan lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ní kò sí ọmọ ìyá ẹni tó borí òun rí.

Ogún ọdún! Ẹlòmíì á ti gbàgbé orúkọ olùkọ́ tó nà án. Ọ̀gágun kò gbàgbé ogun kan ṣoṣo. Á ní, "Ẹ wò ó, ọ̀rẹ́ mẹ́rìnlá ni mo nà lálùbami. Ọ̀kan nínú wọn sunkún!" Bó bá sọ ọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó sunkún á ti di mẹ́ta.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ọ̀gágun. Àwọn òṣìṣẹ́ ló fi oríkì tì í lẹ́yìn. Ọkùnrin kan wà tó ń rán ẹ̀wù fóòmù, Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe tìtorí iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Tí Ọ̀gágun bá ti ń bọ̀, Abẹ́rẹ́ á dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró: "Ọ̀gágun! A-jókòó-ṣẹ́gun, a-jà-má-làágùn, ọkọ àga onítìmùtìmù! Ó fi ìka kan pa igba ọmọ ogun, ó fi ìka kejì họ etí!"

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun," Ọ̀gágun á ní, á sì rọra máa lọ kí wọ́n lè kì í parí.

Ìjọba Irin lorúkọ géèmù náà. Kì í ṣe bíi dírááfù tí ẹnì kan á sún ọmọ tirẹ̀, tí ẹnì kejì á fọwọ́ lẹ́rán. Gbogbo nǹkan ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á fún ọ ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta àti ahéré kan. O ní láti rán wọn lọ gé igi, kí wọ́n wa góòlù, kí wọ́n dáko, kí o fi ohun tí wọ́n rí kó ọmọ ogun jọ, kí ọ̀tá tó ń ṣe irú rẹ̀ lódìkejì odò tó ká ọ mọ́lé. Ẹni tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ bá wó, tiẹ̀ ti bá a nìyẹn.

Ló bá di ọjọ́ kan, ìròyìn jáde pé àwọn tó ṣe Ìjọba Irin ti tún un ṣe, apá kìíní, ìkejì àti ìkẹta, wọ́n kùn ún, wọ́n ní káwọn àgbà wá padà sójú ogun. Ọ̀gágun ka ìròyìn náà lórí fóònù, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni bàbá tó ń darí gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù nílé-iṣẹ́ náà ní òun fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọ̀gágun so ìròyìn méjèèjì pọ̀, ó ní ọwọ́ Ọlọ́run ló wà níbẹ̀.

Gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tí àga náà tọ́ sí, àfi òun. Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Mọ́tò. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń to lọ́ọ̀rì mẹ́fà ilé-iṣẹ́ náà. Ó mọ awakọ̀ tí orúnkún ń dùn, ó mọ lọ́ọ̀rì tí kì í fẹ́ gun òkè, ó mọ ṣọ́ọ̀bù tó máa ń tilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Bíírò kan kì í kúrò nínú irun rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe iṣẹ́ ọ̀gá láìjẹ́ ọ̀gá, àga yẹn sì ń wù ú dọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ jáde.

Ìyá arúgbó tó ni ilé-iṣẹ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Màámi, pe àwọn méjèèjì sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ìwọ, sọ ìdí tó fi yẹ ọ́."

Ọ̀gágun wúkọ́ díẹ̀. "Màámi, igba ọmọ ogun ni mo ń darí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlẹ́ṣin lápá ọ̀tún, tafàtafà lápá òsì. Kí wá ni lọ́ọ̀rì mẹ́fà jẹ́ lójú mi?"

"Ogun ibo nìyẹn?"

"Ogun Ìjọba Irin, mà."

"Ìlú wo ló wà?"

"Inú kọ̀ǹpútà ni, mà."

Màámi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú, ó rẹ́rìn-ín títí àga fi ń dún. Àǹtí Mọ́tò wolẹ̀, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyẹn ló dun Ọ̀gágun wọra.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ó dáa. Kí obìnrin yìí wá pàdé mi nínú géèmù náà níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́! Ẹni tó bá borí, kó gba àga."

"Mi ò lè torí géèmù fún èèyàn níṣẹ́," Màámi ní. "Ọmọdé ni wá?"

Ẹni tó bá gbọ́n á dákẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gágun lọ sí sítóò, ó sì kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́ pé ẹni tó bá ṣubú kò gbọ́dọ̀ du àga náà mọ́ títí ayé. Ó rò ó, ó rí i pé ìyẹn kò tíì dùn tó, ó bá fi kún un pé ẹni tó bá ṣubú á máa kí ẹni tó borí láràárọ̀, ní gbangba, pé "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gágun mi." Ó ti ń gbọ́ ohùn Àǹtí Mọ́tò létí rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Ó buwọ́ lù ú lókè, ó buwọ́ lù ú nísàlẹ̀.

Màámi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ẹni tó kọ ọ́, ó wo Àǹtí Mọ́tò. "Ṣé o rí ohun tó kọ? Tó o bá ní o ò ṣe, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí."

"Màámi, tí n ò bá ṣe é, wọ́n á ní ẹ̀rù ló bà mí. A ò ní gbádùn mọ́ nínú ilé-iṣẹ́ yìí." Àǹtí Mọ́tò fa bíírò yọ nínú irun. "Kí wọ́n sáà fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n fi kọ́ ọ."

"Gba oṣù mẹ́ta!" ni Ọ̀gágun wí. "Gba ọdún mẹ́ta! Ẹnu ọmọ ọwọ́ kì í gba egungun."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà tó, sà."

Màámi buwọ́ lù ú. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò, kò sóhun tó kan òun mọ́ ju kóun wá wo bó ṣe jìn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ni láṣọ. Lọ́sàn-án Sátidé, Ọ̀gágun jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nílé, ó ṣí Ìjọba Irin. Àwọn ọmọ ogun tó rántí pé wọ́n ga bí ilẹ̀kùn, wọ́n kéré bíi kòkòrò. Orin ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣe é ní nǹkankan. Ìka rẹ̀ ń tẹ ibi tí kò yẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré, ẹ̀rọ náà ti sun ahéré rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìṣẹ́jú méje.

"Wọ́n ti bà á jẹ́," ló ń ráhùn. "Bí wọ́n ṣe ń ba gbogbo nǹkan jẹ́ nìyẹn."

Ìgbà náà ló wá rántí ohun tó ń ṣe láyé ijọ́un. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì ńlá kan, ìlà kékeré á ṣí nísàlẹ̀. Bó bá kọ gbólóhùn kan síbẹ̀, tó túmọ̀ sí "Mo fẹ́ góòlù sí i," góòlù á ya wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wa ilẹ̀. Gbólóhùn mìíràn wà fún oúnjẹ. Òmíràn sì wà tó jẹ́ "Kí ọ̀tá mi kú lójijì." Wọ́n fi í síbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣeré lóun nìkan ni. Ọ̀gágun tẹ̀ ẹ́. Góòlù dé! Ó pariwo bí ẹni tó rí ẹ̀gbọ́n tó sọnù.

Ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ iléèwé àwọn ìbejì nítòsí. "Bàbá Ìbejì, kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Àṣẹ ni."

"Ẹ pàṣẹ, góòlù dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pàṣẹ kí iná lágbára sí i, mo fẹ́ lo áyọ́ọ̀nù yìí dáadáa."

"Ogun ni mò ń jà, má bá mi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mo kàn ń béèrè ni o. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe borí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rìnlá náà?"

Ọ̀gágun tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rẹ́ wo? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ta géèmù náà, òun àti ẹ̀rọ nìkan, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì, pẹ̀lú góòlù tí kò wá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò bá èèyàn ẹlẹ́ran ara ta á rí. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ìtàn náà pẹ́ débi pé òun gan-an ti ń rí ojú ẹni tó sunkún. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọgbọ́n ju agbára lọ, ó sì tún tẹ̀ ẹ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó ṣe ń ṣe eré ìdárayá ogun nìyẹn: á tẹ̀ ẹ́, á borí, á lọ jẹun.

Àǹtí Mọ́tò ní tirẹ̀ ń lo àkókò ìsinmi ọ̀sán nídìí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ nà án ní ìgbà méjìdínlógún. Abẹ́rẹ́ kà á, ó sì lọ ròyìn. Ṣùgbọ́n ohun tí Abẹ́rẹ́ kò fọkàn sí ni pé ìgbàkígbà tó bá ṣubú, obìnrin náà máa ń kọ ọ́ sínú ìwé: òṣìṣẹ́ wo ló jókòó láìníṣẹ́, ìṣẹ́jú wo ni oúnjẹ tán. Ní ìgbà ìkọkàndínlógún, kò kọ nǹkankan. Ó pa ìwé dé, ó sì lọ to lọ́ọ̀rì.

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo òṣìṣẹ́ kún yàrá ìjẹun fọ́fọ́. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà méjì sórí tábìlì, wọ́n fi wáyà so wọ́n pọ̀, ẹ̀rọ kan sì ń gbé gbogbo rẹ̀ sára ògiri tó wà lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ ta á, gàgàrà gadagba, kí ẹni tó wà nídìí ilẹ̀kùn pàápàá lè rí i.

Ọ̀gágun wọlé nínú káàkí olápò mẹ́rin. Ó ti bọ́ awò tó fi ń kàwé sílé, torí kò rí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ère jagunjagun tòun ti awò lójú. Ó juwọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Abẹ́rẹ́ ki oríkì rẹ̀ dé ibi "ọkọ àga onítìmùtìmù."

Ọ̀gbẹ́ni tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sọ sí Ọ̀gágun létí. "Ọ̀gágun, kẹ́ ẹ mọ̀ o, tí èèyàn méjì bá jọ ń ta á, ìlà ìsàlẹ̀ yẹn..."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní Ìjọba Irin?" Ọ̀gágun fi ọwọ́ lé e dànù. "Ta ló tíì bí ọ nígbà tí mo ń jagun?"

"Ẹ máà bínú, sà," ọ̀gbẹ́ni náà ní, ó sì lọ jókòó sọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́, ó sọ gbólóhùn náà parí fún un: bí èèyàn bá ń dá ta á, ẹ̀rọ ni ìlà náà ń bá sọ̀rọ̀, bó bá jẹ́ èèyàn méjì, lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ síra wọn. Ojú Abẹ́rẹ́ tàn yòò.

Ogun bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta níhìn-ín, òṣìṣẹ́ mẹ́ta lọ́hùn-ún. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ti Àǹtí Mọ́tò ti di mẹ́wàá. Ọ̀kan ń gé igi, ọ̀kan ń gbìn, ìkan tó bá ti parí iṣẹ́, á ti rán an sí òmíràn. Awakọ̀ kan lẹ́yìn ní, "Bó ṣe máa ń ṣe wá náà nìyẹn, kì í jẹ́ ká fìdí lélẹ̀." Ọ̀gágun kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sí ẹ̀gbẹ́ ahéré bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Ó fi ìgbéraga tẹ bọ́tìnnì ńlá, ó kọ gbólóhùn rẹ̀.

Lára ògiri, ní lẹ́tà tó tóbi ju fèrèsé lọ, ló ti jáde:

Ọ̀GÁGUN: MO FẸ́ GÓÒLÙ SÍ I.

Ẹnì kan kò lè mú un mọ́ra. Ẹ̀rín bú jáde.

Ọ̀gágun rò pé ìyìn ni. Ó na ọwọ́ kan sókè, ó dá wọn lóhùn. Ó wo apá òkè níbi tí góòlù ti máa ń hàn, ó fún ojú pọ̀, kò rí nǹkankan tó yí padà. Ó ní bóyá wáyà ló ń fà. Ó tún un kọ.

Ọ̀GÁGUN: MO FẸ́ GÓÒLÙ SÍ I.

Ọ̀GÁGUN: MO FẸ́ GÓÒLÙ SÍ I.

Ọ̀GÁGUN: OÚNJẸ ŃKỌ́? MO FẸ́ OÚNJẸ.

"Ẹ bá a wá nǹkan jẹ o!" Abẹ́rẹ́ kígbe. "Ṣé ẹ ò kà á ni? Ebi ń pa ọkùnrin yìí!" Ìyá tó ń dáná fún òṣìṣẹ́ ti di ikùn mú. Màámi ti bọ́ awò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Àǹtí Mọ́tò rí gbogbo ọ̀rọ̀ náà níwájú rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó rò pé ó ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà ni. Nígbà tó yé e, kò rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ẹ̀rín. Ó kó ogójì ẹlẹ́ṣin, ó ní kí wọ́n sọdá odò.

Ọ̀gágun rí nǹkan dúdú tó ń bọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Òógùn bò ó. A-jà-má-làágùn làágùn. Ó yára tẹ gbólóhùn tó kù, èyí tó fi ń pa gbogbo ayé láti ogún ọdún wá.

Ọ̀GÁGUN: KÍ Ọ̀TÁ MI KÚ LÓJIJÌ.

Àǹtí Mọ́tò gbójú sókè lórí àga kẹta sí i. "Ọ̀gá, èmi rèé o," ló wí wọ́ọ́rọ́. "Mi ò tíì kú."

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gágun yíjú pa dà. Ògiri ń wò ó. Gbogbo ohun tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó wà níbẹ̀ ní ìlà-ìlà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tóbi débi pé kò nílò awò láti kà á. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú kọ̀ǹpútà, ilé ìṣọ́ rẹ̀ wó lulẹ̀ gbàà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró síbi tó fi wọ́n sí títí iná fi dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Kí nìyẹn?" Màámi ń nàka sí ògiri.

"Àṣẹ ni, mà."

"Ta lò ń pàṣẹ fún?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ yìí tiẹ̀ fara balẹ̀, ó kọ ara rẹ̀ sára ògiri kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé e. Ọ̀gágun ní, "Láyé ijọ́un, Màámi... láyé ijọ́un, ó máa ń gbọ́."

"Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rìnlá yẹn ńkọ́?" Abẹ́rẹ́ ní. "Àwọn náà máa ń gbọ́?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí èyí. Ọkùnrin náà ti fajú ro débi pé ó ṣe wọ́n láàánú, àánú yẹn sì dùn ún ju ẹ̀rín lọ.

Màámi mú lẹ́tà jáde nínú àpò. Ó kà á sókè ketekete, títí kan ìbuwọ́lù méjèèjì. Ó na ọwọ́ sí Àǹtí Mọ́tò pé kó bọ́ síwájú. "Àga ti di tìrẹ. Ó yẹ kó ti jẹ́ tìrẹ látọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ̀bi mi ni. Ìwọ náà, dìde. Kí ọ̀gá rẹ bí o ṣe kọ ọ́."

Ọ̀gágun dìde. Bọ́tìnnì káàkí kan ti já. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ kú... Ẹ káàsán, Ọ̀gágun..." Orúkọ tó ti ń jẹ bọ̀ fún ogún ọdún ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbé fún ẹlòmíì.

"Ẹ dákun, ẹ fi sílẹ̀," Àǹtí Mọ́tò ní. Ó ti ń ká wáyà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa kọ lù ú. "Ẹ máa jẹ́ ẹ lọ, sà. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ọ̀gágun gbé ojú sókè. Ká ní ó gba orúkọ náà, ì bá sàn. Ogún ọdún ló fi tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin, wọ́n ní kó máa gbé e lọ, kò wúlò.

Àǹtí Mọ́tò ti bíírò bọnú irun. "Lọ́ọ̀rì kẹta ti ń dúró láti aago méjì, ọgbọ̀n fóòmù ló sì fẹ́ gbé. Ẹni méjì ni mo rí níbẹ̀, wọn ò lè dá a ṣe." Ó wo yàrá náà yíká, ojú rẹ̀ bà lé ọkùnrin oní-káàkí. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn rù ú."

Ọkùnrin náà yọ kọ́kọ́rọ́ sítóò. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé fóòmù kan lé e lórí, ó sì gba àárín gbogbo wọn kọjá lọ síbi lọ́ọ̀rì. Abẹ́rẹ́ gbé ẹnu sókè láti kì í. Nígbà tó rí bí ọrùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ẹrù, ó pa ẹnu dé, ó lọ bá a gbé ọ̀kan.